Iná táyà ń ṣẹ́jú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù Corolla 2010: ṣé mo lè pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ inú táyà fúnra mi nílé?

ÌyáSúmáyà (Tanke, Ìlọrin)

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo gbé wá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí n lọ pe Bàbá Súmáyà wá. Bàbá Súmáyà ò mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Corolla 2010 ni mò ń wà, ti Amẹ́ríkà, Tòkunbọ̀ ni mo rà á. Tanke ni mò ń gbé, Àjàṣẹ́-Ìpo ni mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, ojoojúmọ́ ni mò ń gba Gánmọ̀ àti Ìdọ̀fìán kọjá. Iná yẹ́lò kan wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù tó rí bíi táyà tí wọ́n là sí méjì, àmì ìyanu sì wà láàárín rẹ̀. Bí mo bá ti yí kọ́kọ́rọ́ báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú fún bí ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà á wá tàn kalẹ̀, kò ní kú mọ́ títí n ó fi dé ilé ìwé.

Mo ti wọn táyà. Géèjì tèmi ni mo fi wọ̀n wọ́n láàárọ̀ kí n tó jáde, kì í ṣe ti fọ́kánáísà àdúgbò wa tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í padà sí òdo. Ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀ ní 32 psi. 32 ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà. Iná ò gbọ́.

Fọ́kánáísà ní kò sí nǹkan kan nínú táyà ju afẹ́fẹ́ lọ. Rìwáyà kan ní Gàá-Akànbí ní òun á bá mi gé wáyà iná náà kúrò kí ọkàn mi lè balẹ̀. Mo ní kó fi wáyà mi sílẹ̀. Mo ti kà á níbì kan pé sẹ́ńsọ̀ kékeré kan wà nínú táyà kọ̀ọ̀kan tó ń bá mọ́tò sọ̀rọ̀. Àbúrò mi ọkùnrin ń bọ̀ wálé láti Houston, ó ní kí n sọ irú èyí tí òun máa rà wá. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí: ṣé sẹ́ńsọ̀ ló kú lóòótọ́? Ṣé ọ̀kan ni kí n pààrọ̀ ni àbí gbogbo rẹ̀? Ṣé mo lè ṣe é nílé? Èmi ni mò ń yí ọ́ọ̀lì mọ́tò mi, èmi ni mò ń pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì, mo ti pààrọ̀ bíréèkì páàdì iwájú rí. Jáàkì ò bà mí lẹ́rù.

Alhaji_Táíwò

Ìyá Súmáyà, téèpù dúdú ń bẹ lọ́jà. Ẹ gé e kékeré, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú iná yẹn, ó parí. Camry tèmi ti ń tan iná yẹn láti ọjọ́ tí mo ti rà á, mo ti gbé e dé Kánò, mo ti gbé e dé Èkó. Àwọn bàbá wa wa Peugeot 504 láìsí sẹ́ńsọ̀ kankan, wọ́n sì dé ibi tí wọ́n ń lọ.

ỌmọFọ́kánáísà (Ọ̀fà)

Alhaji, mo kí yín o, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìyá rí ìdáhùn gbà.

Ìyá Súmáyà, ẹ kú iṣẹ́. Bí iná yẹn ṣe ń tàn ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà fún yín. Ká ní ó kàn tàn kalẹ̀ láìṣẹ́jú ni, afẹ́fẹ́ táyà kan ló ti lọ sílẹ̀. Tó bá kọ́kọ́ ṣẹ́jú fún bí ìṣẹ́jú kan kó tó tàn kalẹ̀, ohun tí mọ́tò ń sọ ni pé òun ò gbọ́ ohùn sẹ́ńsọ̀ mọ́, ó lè jẹ́ ọ̀kan, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tiyín, èkejì ni. Ẹ báà fẹ́ táyà dé 50, kò ní kú.

Fọ́kánáísà yín ò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. Lọ́dọ̀ọ tiwa níbí, ta ló máa sọ fún un? Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Táyà Firestone ń fọ́ lábẹ́ Ford Explorer lórí eré, mọ́tò ń dojú dé, ẹ̀mí ń lọ, ni ìjọba wọn bá ṣe òfin ní ọdún 2000. Òfin yẹn ló bí i pé gbogbo mọ́tò kéékèèké tí wọ́n bá ń ṣe fún ọjà wọn láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2007 gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ táyà, kí iná sì tàn bí afẹ́fẹ́ bá ti fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín sí ohun tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn. Ti 32 yín, 24 nìyẹn. Corolla 2010 ti Amẹ́ríkà, wọ́n bí i mọ́ ọn ni.

Bátìrì ni ikú sẹ́ńsọ̀. Wọ́n ti dì í pọ̀ mọ́ ọn nínú ike, kò ṣeé ṣí, kò ṣeé pààrọ̀ bíi ti rìmóòtù. Ọdún 5 sí 10 ló sábà máa ń lò. Tó bá jẹ́ pé èyí tó bá mọ́tò wá láti ilé iṣẹ́ ló ṣì wà níbẹ̀, ó ti lo ọjọ́ orí rẹ̀ kọjá. Nítorí náà mẹ́rin ni kí ẹ rà, ẹ má ra ọ̀kan. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí wọn. Bí ẹ bá pààrọ̀ ọ̀kan lónìí, èkejì á kú kí òjò tó ń bọ̀ tó dá, ẹ ó sì tún sanwó títú táyà.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ran àbúrò yín níṣẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ wo fáàfù táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nínú Toyota ìgbà yẹn, irin ni fáàfù sẹ́ńsọ̀, ó máa ń funfun, nọ́ọ̀tì kékeré kan á sì wà ní ìdí rẹ̀ níbi tó ti yọ lára ríìmù. Èyí tó bá jẹ́ rọ́bà dúdú lásán láti ìdí dé orí, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé fọ́kánáísà kan ti yọ sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ jù nù. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ̀gbẹ́ ojú irin ní Ọ̀fà ni bàbá mi ti ń ṣe fọ́kánáísà kí wọ́n tó bí mi. Agolo mílíìkì ńlá kan wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì wọn tó kún fún sẹ́ńsọ̀. Ike dúdú ni, kò gùn ju ìka méjì lọ, ẹsẹ̀ irin kan yọ lára rẹ̀, òmíràn ti kán níbi ọrùn. Bí fáàfù bá ń jò tí wọ́n bá a nínú táyà, wọ́n á tú u, wọ́n á ki fáàfù rọ́bà bọ ojú ihò, ẹni tó ni mọ́tò á sanwó, á máa lọ. Kò sẹ́ni tó bèèrè nǹkan. Àwa ọmọdé ń kó wọn ṣeré nílẹ̀.

Ní ti irú èyí tí wọ́n máa rà: sẹ́ńsọ̀ Toyota Amẹ́ríkà ìgbà yẹn, 315 MHz ló fi ń sọ̀rọ̀, ti Yúróòpù, 433 MHz. Wọ́n jọra lójú débi pé ọlọ́jà gan-an lè ṣì í mú, àfi kí ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Àbúrò yín wà ní ibi tó rọrùn, kó fi nọ́ńbà ṣásí mọ́tò yín béèrè, wọ́n á gbé èyí tó bá a mu fún un. Kó bá yín ra rọ́bà ìdí fáàfù, wáṣà àti nọ́ọ̀tì pẹ̀lú bí wọn ò bá ti fi sínú páálí.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣòfò owó nìyí o. Sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní kóòdù tirẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Mẹ́rin péré ni káńpútà Corolla yín kọ sínú ìwé orúkọ rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ tuntun tí kóòdù rẹ̀ ò sí níbẹ̀, bó ti wù kó pariwo tó, mọ́tò ò ní dá a lóhùn. Bọ́tìnì SET tó wà lábẹ́ sìtíárìn kì í kọ orúkọ tuntun sílẹ̀. Iṣẹ́ mìíràn ni tirẹ̀, mo ń bọ̀ lórí ìyẹn. Ẹ ní láti gba ojú OBD (ihò tí wọ́n ń ki ẹ̀rọ àyẹ̀wò mọ́tò bọ̀) lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù wọlé pẹ̀lú sìkánà tó mọ iṣẹ́ táyà, tàbí láptọ́ọ̀pù tó ní Techstream, ètò àyẹ̀wò ti Toyota, pẹ̀lú okùn Mini-VCI tó so ó mọ́ mọ́tò, kí ẹ tẹ kóòdù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí sẹ́ńsọ̀ kankan tó wọ inú táyà, ẹ ya kóòdù rẹ̀ ní fọ́tò. Ẹni tí kò yà á, tí kò sì ní ẹ̀rọ tó ń kà á láti ìta, á tún táyà tú. Nígbà tí ẹ bá sì ń tẹ̀ ẹ́, ẹ rántí pé A dé F nìkan ni lẹ́tà tó ń wà nínú kóòdù yẹn. Ohun tó bá dà bí O, òdo ni.

Irú kan tún wà tó jẹ́ òfìfo, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń kọ kóòdù sí i. Bí sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ bá ṣì ní ẹ̀mí díẹ̀ lára, wọ́n lè ka kóòdù rẹ̀ kí wọ́n gbé e sínú tuntun, mọ́tò ò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kú.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ ò nílò kí táyà kúrò lórí ríìmù pátápátá. Ẹ gbé mọ́tò sókè, ẹ fi òkúta dí táyà tó kù, ẹ yọ wíìlì. Ẹ yọ abẹ́rẹ́ inú fáàfù kí afẹ́fẹ́ jáde tán. Ẹ má kánjú o, ẹ dúró kó má dún mọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tú nọ́ọ̀tì ìdí fáàfù, kí ẹ ti sẹ́ńsọ̀ kó jábọ́ sínú táyà. Èyí ló ṣe pàtàkì jù, kò sì wọ́pọ̀ kí fọ́kánáísà ṣe é. Wọ́n á kàn gbé òòlù àti irin dé, ibi fáàfù gan-an ni wọ́n sì fẹ́ràn láti kọ́kọ́ kọlù. Bí sẹ́ńsọ̀ bá ṣì dúró lórí ríìmù, ẹsẹ̀ táyà (etí rẹ̀ tó jókòó mọ́ ríìmù) á tẹ̀ ẹ́, ọrùn rẹ̀ á kán. Ti àtijọ́ tó kú ò dun ni, ṣùgbọ́n irin tó bá yọ̀ níbẹ̀ lè ha ojú ihò ríìmù, afẹ́fẹ́ á sì máa jò títí ayé.

Ẹ já ẹsẹ̀ táyà ẹ̀gbẹ́ ìta nìkan kúrò lára ríìmù. Níwájú fáàfù kọ́ o, ní òdìkejì rẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ rọra yí i ká. Ní ilé, àwọn kan máa ń tẹ́ pákó lé ara táyà, wọ́n á gbé jáàkì lé pákó, wọ́n á gbé orí jáàkì ti abẹ́ mọ́tò, ìwúwo mọ́tò á sì tẹ ẹsẹ̀ táyà wọlé. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí jáàkì bá yọ̀, orúnkún yín ló ń wá. Tó bá ti já, ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ táyà mọ́lẹ̀, ẹ ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ẹ mú òkú sẹ́ńsọ̀ jáde. Ẹ nu ojú ihò ríìmù mọ́ tónítóní. Erùpẹ̀ Kwara á kún ibẹ̀, ìpẹtà funfun á sì wà lára ríìmù. Ẹ fi àkísà nù ún, ẹ má fi ọ̀bẹ họ ọ́.

Ẹ ki tuntun bọ̀ ọ́ pẹ̀lú rọ́bà tuntun, kí ojú tí wọ́n kọ kóòdù sí kọjú sí yín. Ẹ fi ọwọ́ yí nọ́ọ̀tì títí kò fi ní lọ mọ́, lẹ́yìn náà ẹ fi súpánà kékeré fún un díẹ̀. 4 Nm ni Toyota fẹ́, agbára ọmọdé nìyẹn. Ẹni tó bá fi púláyà dì í mú, fáàfù ló máa gé kù sí i lọ́wọ́.

Ibi tí ilé parí sí fún mi nìyẹn. Láti mú kí ẹsẹ̀ táyà padà jókòó, afẹ́fẹ́ ńlá tó dé lẹ́ẹ̀kan náà ló máa ń fẹ́. Pọ́ǹpù kékeré tí wọ́n ń kì bọ ojú sìgá inú mọ́tò á kàn máa kígbe ni. Nítorí náà, bó bá jẹ́ èmi ni ẹ̀yin, máa gbé wíìlì lọ sọ́dọ̀ fọ́kánáísà tó ní kọ̀mpírẹ́sọ̀ tó dára, máa dúró tì í, máa tú nọ́ọ̀tì fáàfù fúnra mi kó tó fọwọ́ kan irin rẹ̀, máa sì di sẹ́ńsọ̀ fúnra mi. Òun á já ẹsẹ̀ táyà, á fẹ́ ẹ. Bó bá tilẹ̀ fẹ́ yọ táyà kúrò pátápátá, nígbà tó bá ń dá a padà, ẹ má gbà kí irin rẹ̀ parí síbi fáàfù, ẹ má sì gbà kó parí sí òdìkejì fáàfù gan-an, torí ẹsẹ̀ táyà á jìn sínú ikùn ríìmù níbi tí sẹ́ńsọ̀ jókòó sí, á sì fọ́ ọ. Ẹ̀gbẹ́ ni kó parí sí: bí fáàfù bá wà ní aago méjìlá, kí irin parí ní aago mẹ́ta. Iṣẹ́ kóòdù ni ẹ lè wá ṣe nílé, lórí àga, ẹ tilẹ̀ lè máa mu kókó sí i.

Òmù_Àrán_VW

Ẹ kú àlàyé, ọ̀gá. Kí n fi díẹ̀ kún un fún àwọn tó ń kà á tí mọ́tò wọn ò jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Golf ni mò ń wà, ti Jámánì, ó tan iná yìí náà, mẹkáníìkì sì ní kí n lọ ra sẹ́ńsọ̀. Kò sí nǹkan kan nínú táyà mi rárá. ABS, ẹ̀rọ bíréèkì tí kì í jẹ́ kí wíìlì dì, ló ń ka bí wíìlì kọ̀ọ̀kan ṣe ń yí: táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ lọ sílẹ̀ á kéré díẹ̀, á máa yára yí ju àwọn yòókù lọ, bẹ́ẹ̀ ni mọ́tò ṣe ń mọ̀. Afẹ́fẹ́ ni mo wọ̀n, mo tẹ bọ́tìnì, iná kú. Òfin Yúróòpù fún gbogbo mọ́tò tuntun dé ní oṣù Kọkànlá ọdún 2014, ṣùgbọ́n kò pọn dandan kó jẹ́ onísẹ́ńsọ̀ inú táyà.

ỌmọFọ́kánáísà (Ọ̀fà)

Òótọ́ ni, ọ̀gá mi. Ẹ wo fáàfù, ẹ fi nọ́ńbà ṣásí wádìí, kí ẹ tó fa owó yọ. Ti Ìyá Súmáyà, onísẹ́ńsọ̀ ni.

Alhaji_Táíwò

Mo rí ẹnì kan lórí YouTube tó kó sẹ́ńsọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú páìpù omi, ó dí i lẹ́yìn dí i níwájú, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ 35 sí i, ó gbé e sínú búùtù. Iná ò tàn mọ́ láé. Kò tú táyà kankan.

ỌmọFọ́kánáísà (Ọ̀fà)

Alhaji! Táyà lè ti fọ́ ní Olóòru kí dáṣíbọ́ọ̀dù yín máa sọ fún yín pé àlàáfíà ni. Páìpù nìkan ló ń ṣọ́ nígbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, téèpù yín ọ̀hún dára ju ìyẹn lọ, kò náni lówó, kò sì purọ́.

ÌyáSúmáyà (Tanke, Ìlọrin)

Àbúrò mi ti dé, iṣẹ́ sì ti parí. Kí n ròyìn, torí mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á wá ka ibí yìí.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ wo fáàfù, mẹ́ta jẹ́ irin pẹ̀lú nọ́ọ̀tì, ti ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì jẹ́ rọ́bà. Ẹnìkan ti yọ ọ́ kí mọ́tò tó dọ́wọ́ mi. Ọ̀gá Ọ̀fà, àfi bí ẹni pé ẹ wà níbẹ̀.

Fọ́kánáísà kan lọ́nà Òkè-Òdó ni mo lò, ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbọ́ràn. Mo ní èmi ni n ó tú nọ́ọ̀tì, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹ mọ iṣẹ́ yìí?” Mo ní mò ń kọ́ ọ ni. Nọ́ọ̀tì kejì ò fẹ́ tú. Abẹ́rẹ́ inú fáàfù yẹn ti so mọ́ ara fáàfù pátápátá, àwọ̀ ewé ti bo ẹnu rẹ̀. Abẹ́rẹ́ aláwọ̀ wúrà lásán ni ẹnì kan ti fi síbẹ̀ rí. Orí fáàfù kán nígbà tí a yí i, afẹ́fẹ́ sì bẹ́ jáde, eruku dúdú bò wá lójú. Sẹ́ńsọ̀ iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún ni n ò ní gbàgbé. Nígbà tí a tẹ ẹ̀gbẹ́ táyà mọ́lẹ̀, ó wà ní ìsàlẹ̀ nínú ohun kan bí oje igi gbígbẹ, ó ti dì mọ́ ọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní omi tí wọ́n ń fa sínú táyà kó má baà jò ni. Ojú ihò kékeré tí sẹ́ńsọ̀ fi ń mọ afẹ́fẹ́ ti dí pa. Nítorí náà ìyẹn ò kú nítorí bátìrì nìkan.

A ṣí nǹkan mìíràn. Nọ́ńbà mẹ́rin tó wà ní ìparí DOT lára táyà kan jẹ́ 1114. Ọ̀sẹ̀ kọkànlá ọdún 2014 ni wọ́n ṣe táyà náà nìyẹn! Mo ra òmíràn lójú ẹsẹ̀. Àwọn Road Safety Gánmọ̀ ì bá ti bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan.

Kóòdù ni mo ṣe nílé. Láptọ́ọ̀pù ọmọ àbúrò mi àti okùn tí a rà. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ ní sùúrù, kí ẹni kejì máa kà á jáde láti ojú fọ́tò. Bí mo ṣe wa mọ́tò jáde dé Ọ̀fà Gáréèjì báyìí, iná ti kú.

Sàláwù_Adéwọlé

Ẹ kú oríire, Ìyá Súmáyà. Ọ̀gá Ọ̀fà, tèmi ò jọ ti ìyá. Corolla 2012, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀, wọ́n kọ kóòdù, iná kú. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé, bí mo bá ń lọ kírun àsùbáà, iná á tàn kalẹ̀, kì í ṣẹ́jú. Tó bá di ọ̀sán, á kú fúnra rẹ̀. Mo wọn táyà láàárọ̀, 29 ni. 29 ò sì tíì dé 24. Ṣé sẹ́ńsọ̀ ayédèrú ni wọ́n tà fún mi?

ỌmọFọ́kánáísà (Ọ̀fà)

Alfa Sàláwù, sẹ́ńsọ̀ yín dára. Èèló ni wọ́n fẹ́ táyà dé lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ bọ́tìnì SET?

Sàláwù_Adéwọlé

Fọ́kánáísà fẹ́ ẹ dé 40. Ó ní ọ̀nà wa burú.

ỌmọFọ́kánáísà (Ọ̀fà)

Ó tán. Ohun tí mo ní mò ń bọ̀ lórí rẹ̀ nìyẹn. Bọ́tìnì SET kì í wo ìwé ara ilẹ̀kùn. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe wà nínú táyà ní ìṣẹ́jú tí ẹ tẹ̀ ẹ́, ìyẹn ni mọ́tò máa gbà pé ó tọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní 40, ìdá kan nínú mẹ́rin 40 ni 10, 30 sì ni ó ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Afẹ́fẹ́ ti jò díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà náà. Òtútù wá bá a. Bí ojú ọjọ́ bá fi nǹkan bíi ìwọ̀n Celsius 5 sí 6 tutù sí i, psi kan lọ nìyẹn. Ní Ìlọrin, àárọ̀ ọyẹ́ àti ọ̀sán rẹ̀ lè fi ìwọ̀n 15 jìn síra, tí í ṣe bíi psi 3 láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Láàárọ̀, 29, iná tàn. Ní ọ̀sán, 32, iná kú. Bẹ́ẹ̀, 32 yẹn gan-an lè jẹ́ ohun tí mọ́tò ń fẹ́!

Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ nígbà tí táyà wà ní 22 ló tún burú jù, torí iná tirẹ̀ lè má tàn títí di nǹkan bíi 16 àbọ̀. Táyà ti gbóná jìnnà kó tó gbọ́.

Ẹ jí láàárọ̀, kí mọ́tò má tíì rìn. Ẹ fẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé ohun tó wà lára ilẹ̀kùn. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ON, ẹ tẹ SET mọ́lẹ̀ títí iná á fi rọra ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ lè lọ kírun yín.

Sàláwù_Adéwọlé

Wàláhì, 33 ni mo fẹ́ ẹ dé ní àsùbáà, mo tẹ SET. Iná ò tàn láti ìgbà náà. Kí Ọlọ́run san yín lẹ́san.

ÌyáSúmáyà (Tanke, Ìlọrin)

Ọ̀gá Ọ̀fà, ọ̀kan ló kù. Àwọn ìdérí fáàfù aláwọ̀ wúrà tí wọ́n ń gbé kiri ní Post Office, tí wọ́n ń dán bíi yẹtí, ṣé mo lè fi sórí sẹ́ńsọ̀ tuntun yìí? Súmáyà ti rà á fún mi.

ỌmọFọ́kánáísà (Ọ̀fà)

Ẹ má ṣe é o. Irin yẹn àti fáàfù sẹ́ńsọ̀ ò bá ara wọn mu. Tí omi òjò bá ti dé àárín wọn, wọ́n á so pọ̀, ẹ ó sì tún kán fáàfù bíi ti ìjọsí. Oníke dúdú tó bá a wá ni kó wà níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ pẹ̀lú, èyí tó funfun ni, kì í ṣe aláwọ̀ wúrà. Ẹ bá mi kí Súmáyà, ẹ ní kó fi tirẹ̀ sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀.